Ọ̀pọ̀lọ́ oníwúrà, bàbá oníkùn ńlá, ológbò tó ń juwọ́: ibo ni kí n gbé wọn sí nínú pálọ̀?

Adéọlá Òkè-Ìjẹ̀bú:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀bùn ìṣílé kan wà nílẹ̀ tí a kò mọ bí a ó ṣe tò ó. Ère kéékèèké mẹ́fà ni. Wọ́n ní ti feng shui ni, ìyẹn ìmọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà nípa bí a ṣe ń to ilé kí ire lè wọ̀ ọ́, pé wọ́n ń pe oríire wọlé: ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ṣe ibi owó ẹyọ sí lẹ́nu, bàbá oníkùn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín, ológbò funfun onísólà tó ń ju ọwọ́, erin méjì, àti ìjàpá tó ní orí dírágónì.

Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́ ni ilé wà. Ilẹ̀kùn àbáwọlé kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, inú pálọ̀ ló sì ṣí sí tààrà. Bí èèyàn bá wọlé, tẹlifíṣọ̀n ló máa kọ́kọ́ rí lára ògiri iwájú. Igun iwájú lápá òsì ni tábìlì oúnjẹ wà, igun iwájú lápá ọ̀tún sì ni ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò. Báyìí, orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ère náà wà, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn. Ẹnìkan ní ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ń lé owó jáde ni. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ló yẹ kó wà níbo? Ìyá ọkọ mi náà kò fara mọ́ bàbá oníkùn yẹn rárá, wọ́n ní òrìṣà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.


Bàbá Dúró:

Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn padà ná. Jin Chan ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ méjì, ti ẹ̀yìn jẹ́ ẹyọ kan. Owó tó wà lẹ́nu rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ti rí i níta, ó ń gbé e bọ̀ nílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó kọ sí ilẹ̀kùn, kí ojú rẹ̀ máa wo inú pálọ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì kékeré tó ga tó ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó má bọ́ sí ọ̀kánkán rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kò dára fún un, yàrá ìbùsùn kò dára, ilé ìdáná kò dára, ibi tó kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì burú jù.


Arẹwà Oǹdó:

Bàbá Dúró sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Èyí tí owó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń wo inú ilé. Èyí tí kò gbé owó kankan lè wo ìta, nítorí ó ń lọ wá a ni. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ojú síta láàárọ̀, ojú sínú lálẹ́. Tí kò bá rọrùn fún yín láti máa rántí, ẹ jẹ́ kó máa wo inú, kó sì dúró síbẹ̀.

Ẹ wo owó náà pẹ̀lú. Owó ẹyọ Ṣáínà àtijọ́ rí róbótó, ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Ojú kan ní lẹ́tà mẹ́rin, ojú kejì ní méjì. Ojú oní-mẹ́rin ló ń wo òkè. Ọ̀pọ̀ ilé ló dojú rẹ̀ dé láìmọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ń nu eruku, owó á jábọ́, ẹni tó gbé e padà kò ní wò ó.


Olùkọ́ Ìdànrè:

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ère sílẹ̀ díẹ̀, ká wo ilé fúnra rẹ̀. Feng ni afẹ́fẹ́, shui ni omi. Òkè, odò, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń wò kí wọ́n tó kọ́lé tàbí kí wọ́n tó gbẹ́ ibojì. Ẹ̀yìn èyí ni ère orí tábìlì tó wọlé. Ère tó wuyì ní ibi tí kò yẹ, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

"Ibi tí oòrùn ń wọ̀" kò tó láti fi wọn ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gan-an, nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án. Tó bá di oṣù Kejìlá, ní Àkúrẹ́ níbí, ó máa ń yẹ̀ sí gúúsù tó nǹkan bíi dígírì 23. Nínú oṣù Kẹfà, á yẹ̀ sí àríwá bákan náà. Apá kọ̀ọ̀kan nínú apá mẹ́jọ tí feng shui pín ilé sí kò ju dígírì 45 lọ, nítorí náà ẹni tó fi oòrùn Kérésìmesì wọn ilé rẹ̀ lè bọ́ sínú apá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kọ́ńpáàsì ni kí ẹ lò, ti fóònù náà á ṣe é. Ẹ bọ́ àpò fóònù náà tó bá jẹ́ olóòfà. Ẹ fi fóònù náà kọ òǹkà 8 nínú afẹ́fẹ́ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó lè tún ara rẹ̀ tò. Ẹ wá dúró nínú pálọ̀, kí ẹ dojú kọ ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ jáde. Ẹ jìnnà tó mítà méjì sí ilẹ̀kùn irin, irin fèrèsé, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra ju dígírì 10 lọ, irin wà nítòsí, ẹ wá ibòmíràn. Ọ̀pá irin inú òpó ilé náà máa ń fa kọ́ńpáàsì, ojú kò sì lè rí i. Ẹ tún fi ojú ọ̀nà ìlú yẹ̀ ẹ́ wò: láti àárín Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì wà ní àríwá, Ọ̀wọ̀ wà ní ìlà-oòrùn, Iléṣà wà láàárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, Ìdànrè wà ní gúúsù tó fì díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Fóònù tó bá sọ pé Ọ̀wọ̀ wà ní gúúsù, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ ya pálọ̀ yín sórí ìwé, ẹ fa ìlà láti igun dé igun kí ẹ rí àárín rẹ̀. Láti àárín yẹn ni ẹ ó ti pín in sí apá mẹ́jọ. Ohun márùn-ún ni feng shui fi ń pín nǹkan: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi. Gúúsù ìlà-oòrùn, dígírì 112.5 sí 157.5, ni apá ọrọ̀, igi ló ni ín. Gúúsù, 157.5 sí 202.5, ni òkìkí, ti iná ni. Àríwá, 337.5 sí 22.5, ni iṣẹ́ ajé èèyàn, ti omi ni. Àríwá ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti àwọn olùrànlọ́wọ́ àti ìrìn-àjò, ti irin ni. Ìlà-oòrùn jẹ́ ti ìdílé àti ìlera, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti lọ́kọláya, ìwọ̀-oòrùn ti ọmọ, àríwá ìlà-oòrùn ti ìmọ̀.

Wàyí o, Adéọlá: bí ilẹ̀kùn yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lóòótọ́, ẹni tó ń wọlé ń wo ìlà-oòrùn nìyẹn, gúúsù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Igun iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ni apá ọrọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó.


Fọlákẹ́mi:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ má bínú, ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò kọ́ńpáàsì rárá. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo inú. Igun tó jìnnà jù lápá òsì ni ọrọ̀, àárín ògiri iwájú ni òkìkí, igun tó jìnnà jù lápá ọ̀tún ni ti lọ́kọláya. Àárín òsì ni ìdílé, àárín ọ̀tún ni ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lápá òsì ni ìmọ̀, ẹnu ilẹ̀kùn gan-an ni iṣẹ́ ajé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ni olùrànlọ́wọ́. Pẹ̀lú èyí, ibi tábìlì oúnjẹ ni apá ọrọ̀ Adéọlá. Kí ló wá kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó rẹ̀? Ibi tó dára ló ní.


Olùkọ́ Ìdànrè:

Fọlákẹ́mi, mo mọ ọ̀nà yẹn. Lin Yun, olùkọ́ feng shui kan tó jẹ́ ará Ṣáínà, ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àárín ọdún 1980 sí 1989 ló sì tàn kálẹ̀. Ti kọ́ńpáàsì ti wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó kàn sún un láti apá owó lọ sí apá lọ́kọláya ni. Ẹ tún wo àpèjúwe tí ẹ ṣe yẹn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ilé rú ni àdàlù. Wọ́n á fi kọ́ńpáàsì gbé ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n á fi ẹnu ọ̀nà gbé ìjàpá, igun kan náà á wá di ti ọrọ̀ àti ti lọ́kọláya pọ̀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì fi tò gbogbo rẹ̀.


Fọlákẹ́mi:

Mo gbà, lóòótọ́ apá lọ́kọláya ni ó bọ́ sí. Ọ̀nà èyíkéyìí tí Adéọlá bá lò, kó ṣe ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi sípíríǹgì sí i kó lè máa pa ara rẹ̀ dé, nítorí àlejò kì í rántí tìlẹ̀kùn. Ẹ máa dé ọmọrí ìjókòó inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi ibẹ̀ bá ń kán tótó, ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà rẹ̀ lónìí, nítorí omi tó ń ṣòfò ni feng shui ń pè ní owó tó ń ṣòfò. Ẹ má gbé ère kankan sí mítà kan ààbọ̀ sí ilẹ̀kùn náà. Iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa àti ewéko kan tó tutù ló yẹ igun yẹn.


Ìyá Ìbùkún:

Ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ àwọn tí à ń gbé kiri yìí, nítorí orí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Bàbá oníkùn kì í ṣe Buddha tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń tẹ̀lé. Siddhartha Gautama nìyẹn, ará Íńdíà ìgbà láéláé, wọn kì í sì í yà á ní oníkùn. Ti inú pálọ̀ yìí ni Budai, mọ́ǹkì ilẹ̀ Ṣáínà tí ìtàn fi sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá. "Àpò aṣọ" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, nítorí àpò tó máa ń gbé kọ́ èjìká. Ẹ wo ère yín, ẹ ó rí àpò náà. Àwọn ará Japan ń pè é ní Hotei, wọ́n sì kà á mọ́ òrìṣà oríire wọn méje. Nítorí náà, Adéọlá, màmá kò ṣìsọ tí wọ́n bá ní ó ní í ṣe pẹ̀lú òrìṣà. Ẹ má bá wọn jà sí i. Gbígbé tí wọ́n ń gbé Budai sílé, nítorí kí ẹ̀rín àti ìtẹ́lọ́rùn lè wà níbẹ̀ ni, bó bá wá di ìjà láàárín yín àti ìyá ọkọ, kí ló tún kù tó wà fún? Ẹ fi ta ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ lọ́rẹ. Tí màmá bá gbà nígbà tó yá, ibi tó kọjú sí ilẹ̀kùn láti apá ẹ̀gbẹ́ ni àyè rẹ̀, kó ga ju ìbàdí lọ. Wọn kì í gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kì í gbé e sí yàrá tàbí ilé ìdáná.

Ológbò yẹn, ará Japan ni, maneki-neko. Feng shui kọ́ ló bí i, àwọn oníṣòwò ló kó o mọ́ ọn. Tẹ́ńpìlì Gotoku-ji ní Tokyo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ó ti ṣẹ̀. Kò juwọ́ "ó dàbọ̀" sí yín o. Ó ń pè yín ni, àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fọwọ́ pe èèyàn. Ọwọ́ ọ̀tún tó bá gbé sókè, owó ló ń pè. Ọwọ́ òsì, èèyàn àti oníbàárà ló ń pè. Nínú ilé, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló yẹ. Bí tiyín bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tí ẹranko kan fi ń jẹ́ oríire lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á tètè rí i. Èdè wọn ní ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, bíi tiwa. Yú ni ẹja, ohùn kan náà ló bá yú tó jẹ́ àjẹṣẹ́kù mu, ìdí nìyẹn tí ẹja fi wà nínú ilé olówó. Fú ni àdán, fú ni oríire. Erin ń jẹ́ xiàng, ó sún mọ́ xiáng tó jẹ́ ire. Ẹẹ́rin ń jẹ́ sì, ikú ń jẹ́ sǐ, wọn kì í fi nǹkan mẹ́rin ta ara wọn lọ́rẹ. Bí a ṣe ń fi orógbó wúre kéèyàn lè gbó, tí à ń fi obì bi ibi dànù, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é kó tó di ère.


Alágbẹ̀dẹ Idẹ:

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe àwọn ère náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹn ló ń sọ ibi tí wọ́n máa wà.

Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọ̀pọ̀lọ́ náà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn ni. Bí kò bá lẹ̀, ẹ fi orí ìṣó ha abẹ́ rẹ̀ níbi tí kò hàn. Bí ibi tí ẹ ha bá pọ́n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, idẹ ni. Bó bá funfun bí òjé, síńkì tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà bò ni. Bó bá yọ ìyẹ̀fun funfun, tó fúyẹ́, tí kò tutù lọ́wọ́, tí ẹ tún rí ojú ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìyẹn resin, ike tí wọ́n dà sínú àwo. Resin ló pọ̀ jù lọ́jà.

Idẹ: ọsàn wẹ́wẹ́ ààbọ̀ kan, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, ẹ fi aṣọ rírọ̀ ra á fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ fomi ṣàn án dáadáa, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi ọsàn sílẹ̀ lára rẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Omi kíkan rẹ̀ á jẹ síńkì inú idẹ, bàbà nìkan á kù lójú rẹ̀, ère á wá pọ́n rúsúrúsú. Èyí tí wọ́n kùn ní wúrà kò gbọdọ̀ rí ọsàn rárá, wúrà á bọ́. Resin: aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀. Tínà àti oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ á yọ́ ọ̀dà rẹ̀. Ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa á sọ ọ́ di aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín ọdún kan tàbí méjì.

Nísinsìnyí, bí ohun márùn-ún feng shui ṣe ń bọ́ ara wọn nìyí: omi ń bọ́ igi, igi ń bọ́ iná, iná ń di eérú tó jẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ń bí irin, irin ń bí omi. Èyí tó ń pa ara wọn: irin ń gé igi, igi ń la ilẹ̀, ilẹ̀ ń dí omi, omi ń pa iná, iná ń yọ́ irin. Apá ọrọ̀ jẹ́ ti igi. Ẹni tó bá gbé ọ̀pọ̀lọ́ idẹ tó wúwo síbẹ̀ ti gbé àáké lé igi lórí. Àríwá ìwọ̀-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló yẹ idẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà ní apá ọrọ̀ dandan, ẹ gbé àwo omi kékeré sáàárín: irin á bí omi, omi á bọ́ igi.


Bàbá Dúró:

Alágbẹ̀dẹ, ti ilẹ̀kùn Adéọlá wá bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ìwọ̀-oòrùn ni ilẹ̀kùn, ti irin ni. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ sọ náà ni àyè ọ̀pọ̀lọ́ yìí, ì báà jẹ́ idẹ tàbí aláwọ̀ wúrà.


Arẹwà Oǹdó:

Ẹ kó wọn kúrò lórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n o! Ariwo, ooru àti wáyà ló wà níbẹ̀. Ère mẹ́fà lójú kan náà sì jẹ́ ìdọ̀tí lójú feng shui, bó ti wù kí wọ́n mọ́ tó. Méjì sí mẹ́ta tó fún pálọ̀ kan.


Músíbáù:

Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Ẹ fi ti àwa tí a kì í fẹ́ ère ohun ẹlẹ́mìí níbi tí à ń kírun kún un. Kò sí dandan pé kí ère wà kí èèyàn tó lo feng shui. Owó ẹyọ mẹ́ta tí a fi òwú pupa so pọ̀, àwo omi, iná tó mọ́lẹ̀, tàbí ọparun oríire inú gíláàsì náà ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ọparun yẹn: igi méjì fún lọ́kọláya, mẹ́ta fún ayọ̀, ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn, mẹ́jọ fún ọrọ̀. Ẹ má fi mẹ́rin síbẹ̀. Màmá náà kò ní rí òrìṣà kankan nínú ewé.


Olóko Òdòdó:

Ẹ̀gbọ́n Músíbáù, ìmọ̀ràn yín dára, àtúnṣe kan ni mo ní. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọparun oríire kì í ṣe ọparun. Dracaena sanderiana ni, ìbátan pèrègún wa ni! Pèrègún ni Dracaena fragrans. Ẹ wo ojú ìkángun ara igi rẹ̀ àti bí ewé ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Apá Kamẹrúùnù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ni ó ti ń hù nínú igbó, àwọn ará Ṣáínà ló wá gbà á ṣe ti wọn. Ẹ̀yin tó ti ń gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ mọ bó ṣe ń le tó.

Ìtọ́jú rẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ gíláàsì, omi tó bo gbòǹgbò nìkan. Omi púpọ̀ tó bo igi ló ń jẹ́ kó rà. Àwọn ìwé ìtọ́jú máa ń ní kí a pààrọ̀ omi lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì. Níhìn-ín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe sí àwo omi tí Alágbẹ̀dẹ ní kí ẹ gbé kalẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní oògùn, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú garawa tó ṣí sílẹ̀. Omi òjò tó mọ́ ló dára jù. Ewé tó bá pọ́n, ẹ gé e. Igi tó bá pọ́n láti ìsàlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà kó má kó bá ìyókù, ẹ sì tún iye wọn kà kó má di mẹ́rin. Kò fẹ́ oòrùn tààrà. Kò sì dára kí ológbò tàbí ajá jẹ ewé rẹ̀.


Fọlákẹ́mi:

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti erin àti ìjàpá. Erin tó gbé ọwọ́jà sókè ló ń fọ́n oríire káàkiri, òun ló yẹ pálọ̀. Èyí tó sọ ọwọ́jà sílẹ̀, ẹ má gbà á sílé, oríire ń dà nù láti ara rẹ̀ ni.


Ìyá Ìbùkún:

Rárá o, Fọlákẹ́mi. Àwọn erin òkúta ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà ibojì àwọn ọba Ming nítòsí Beijing, ọwọ́jà wọn wálẹ̀ ni. Ṣé ọba á fi ohun tó ń da oríire nù ṣọ́ ibojì bàbá rẹ̀? Nínú feng shui, ọwọ́jà ìsàlẹ̀ dúró fún agbára àti ìfẹsẹ̀múlẹ̀, ti òkè dúró fún ìdùnnú. Méjèèjì ló dára. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí wọ́n jẹ́ méjì, kí wọ́n dúró ní òsì àti ọ̀tún nǹkan kan náà. Adéọlá, ẹ fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ fèrèsé ńlá tàbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlẹ̀kùn tó lọ sí yàrá. Erin nìkan ni mo gbà kó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bó bá tóbi. Tó bá kéré, ẹ gbé e sókè.

Ìjàpá orí dírágónì: ẹ̀yìn èèyàn ni àyè rẹ̀, kì í ṣe iwájú. Ẹ̀yìn àga tí onílé máa ń jókòó sí tàbí ẹ̀yìn tábìlì iṣẹ́, nítorí ó dúró fún òkè tí èèyàn fi ń ti ẹ̀yìn. Àríwá ló bá a mu pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn àga yín bá jẹ́ àyè gbàgede tí kò sí ògiri, ẹ sún àga mọ́ ògiri ná kí ẹ tó wá ìjàpá.


Adéọlá Òkè-Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti yan ti kọ́ńpáàsì. Káfíńtà ti fi sípíríǹgì sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Budai sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òǹkà kọ́ńpáàsì ń yí mi lójú. Láàárín pálọ̀, ó ní 268. Lẹ́bàá tábìlì oúnjẹ, 271. Lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n, ó di 231. Èwo ni kí n gbà? Ìkejì, owó ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ ti sọnù kí n tó yí i padà. Ṣé mo lè fi owó ẹyọ náírà rọ́pò rẹ̀? Ọmọ ọdún méjì wà nílé, ẹ rántí.


Alágbẹ̀dẹ Idẹ:

Ológbò onísólà yẹn ló ń yí òǹkà yẹn, bóyá pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tẹlifíṣọ̀n. Òòfà kékeré kan wà ní ìdí apá rẹ̀ tó ń jù, wáyà bàbà róbótó sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ gbé ológbò náà jìnnà sí fóònù tó mítà kan, ẹ tún un wọ̀n. Òǹkà 268 àti 271 jọ ara wọn, ìwọ̀-oòrùn ni ilẹ̀kùn yín. Ẹ ju 231 nù.

Tí ológbò náà bá dúró tí kò juwọ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú sólà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ nu eruku ojú sólà, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà mìíràn, apá rẹ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní padà. Nítorí ọmọ kékeré, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Tó bá fọ́, òòfà inú rẹ̀ léwu gidi gan-an bí ọmọ bá gbé e mì.


Arẹwà Oǹdó:

Owó ẹyọ náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n mú jáde ní 2007 rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Róbótó owó Ṣáínà dúró fún ọ̀run, ihò onígun mẹ́rin àárín rẹ̀ dúró fún ilẹ̀. Náírà kò ní ihò, kò sì ní ohun tí ẹ lè fi so ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá àdàkọ owó Ṣáínà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ère wọ̀nyí. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi òwú wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ náà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí ìkejì, ẹ mú òwú náà dání. Owó tó fẹ̀ ju ẹnu lọ kò ní wọlé, èyí tó kéré jù á máa yọ bọ́.

Ẹ má fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní lè yọ ọ́ nù mọ́. Pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì nílé, kò sì dára kó wà níbẹ̀ láìsí ìdè. Ẹ gé òwú pupa tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi í wọ ihò àárín owó náà. Ẹ gbé owó náà sí ẹnu ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́tà mẹ́rin sókè. Ẹ fi òwú náà yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá so kókó rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n níbi tí kò hàn, kí ẹ sì fà á wò dáadáa kí ẹ tó gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.